Ojú Tó Ń Yan Bàálù

Ọmọ Agége kì í gbójú sókè mọ́ bí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òrùlé ilé rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gba òkè Agége kọjá lọ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkejà, ariwo wọn sì ti di ara ariwo àdúgbò. Ẹni tó bá ní ojú iṣẹ́ nìkan ló ṣì ń wò wọ́n. Ó ń wo bí apá ṣe gùn sí, ó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ lára, ó ń wo imú, ó ń wo ìrù. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yìn níbí, àwọn tó ń ṣe bàálù ogun kékeré onírìmóòtù ni mo sì rò pé ó ní in jù. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún oríṣi bàálù ogun tí aráyé ti fò láti 1914 wá, wọ́n ní láti na ọwọ́ sí ẹyọ kan, kí wọ́n sì wí pé: èyí la ó ṣe. Iṣẹ́ ńlá ló wà nínú nína ọwọ́ yẹn.

Bàálù tí mò ń sọ yìí ju ohun ìṣeré ọmọdé lọ. Láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń ju mítà kan lọ. Ó ní ẹ̀rọ oníná ní imú, bátìrì líthíọ̀mù ní ikùn, àti ẹsẹ̀ tó ń ká wọlé bó bá ti gbéra tán. Ẹni tó ń darí rẹ̀ á dúró nílẹ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, bàálù á sì máa yí lójú ọ̀run bí ẹni pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Horizon Hobby ní Champaign, ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ló ń ta àwọn tó ń jẹ́ E-flite. FMS àti Freewing ń ti Ṣáínà wá. Bí ẹ bá yẹ ọjà wọn wò, orúkọ kan náà lẹ ó máa bá pàdé: Mustang ti Amẹ́ríkà, Spitfire ti Gẹ̀ẹ́sì, Corsair tí apá rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó tún gòkè. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á ní ṣe ni wọ́n ń jí ọgbọ́n ara wọn. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Ìkejà rárá. Orí mọ́ọ̀dù ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́, ìlú mọ́ọ̀dù ni agbègbè yìí. Inú mọ́ọ̀dù gbígbóná ni táyà Dunlop ti ń jáde kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2008. Kẹ́ẹ̀gì, báàfù, àga ike, ìdérí ìgò, inú mọ́ọ̀dù ni gbogbo wọn ti wá. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ẹ̀rọ ike rí ní Ọ̀gbà, ní Ọrẹ́gùn tàbí ní Agége mọ òfin iṣẹ́ náà: kí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀, owó mọ́ọ̀dù ti lọ. Bí ọjà bá kọ kẹ́ẹ̀gì yẹn, mọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ṣeé sọ di ti báàfù. Irin tí a fi owó gọbọi gé á wá di ẹrù tó jókòó sídìí ògiri.

Fóòmù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bàálù kékeré òde òní. Ó yàtọ̀ sí fóòmù ibùsùn tí Vitafoam ń ṣe ní Òpópónà Ọba Akran. Ti ibùsùn, omi kẹ́míkà ni wọ́n ń pò pọ̀ tí á fi wú, tí wọ́n á sì fi ọ̀bẹ là á. Ti bàálù, hóró ike wínníwínní ni. Wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù alumíníọ̀mù, wọ́n á fi ooru omi gbígbóná sè é. Hóró á wú, á fún ara wọn, á lẹ̀ mọ́ra, á sì gba àwòrán ohun tó ká a mọ́, bí mọ́ín-mọ́ín ṣe ń gba àwòrán agolo. Wọ́n á fi omi tútù pa iná ara mọ́ọ̀dù náà, wọ́n á ṣí i, ìdajì ara bàálù kan á sì jáde, pẹ̀lú gbogbo ìlà páànù àti orí ìṣó lára rẹ̀. Ìdajì kan ṣoṣo nìyẹn o. Ìdajì kejì ní mọ́ọ̀dù tirẹ̀. Apá ọ̀tún ní tirẹ̀, apá òsì ní tirẹ̀, ìrù ní tirẹ̀, gíláàsì orí awakọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó bá yan bàálù kan ti ra gbogbo irin wọ̀nyí lórí ìrètí.

Mọ́ọ̀dù sì ní ìfẹ́ inú tirẹ̀. Ohunkóhun tó bá há mọ́ inú rẹ̀ kò ní jáde. Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ á wo fọ́tò bàálù kan, á sì ti rí ibi tí mọ́ọ̀dù yóò ti là á sí méjì, láti ṣóńṣó imú dé ìdí ìrù. Níbi tí èmi àti ẹ̀yin ti rí ẹwà, ó ti rí ibi tí ìbọn tàbí kọ̀rọ̀ kan yóò há, ó sì ti ń pinnu bóyá kí wọ́n ṣe é lọ́tọ̀ kí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Láyé tí igi jọba lórí iṣẹ́ yìí, yíyàn kò le tó bẹ́ẹ̀. Igi balsa tó fúyẹ́, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Ecuador wá, ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń tò bí egungun, tí wọ́n ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò. Bí wọ́n bá fẹ́ bàálù mìíràn, ìwé àwòrán ni wọ́n á yí padà, ayùn ò yí padà. Ilé-iṣẹ́ kékeré lè ṣe bàálù tí ènìyàn díẹ̀ péré mọ̀, kí ó má sì jẹ gbèsè. Fóòmù sọ iṣẹ́ kíkó bàálù pọ̀ di ìrọ̀rùn fún ẹni tó rà á, ó sì sọ yíyàn di ìnira fún ẹni tó ń tà á. Ohun tó mú kí Mustang pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: bí a bá fẹ́ fi irin ta tẹ́tẹ́, a máa ń wá èyí tó ti jẹ rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkìkí nìkan. Ara bàálù náà ní láti gbà. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó ti fò gba Èkó rí. Ní 1940, nígbà tí ọ̀nà òkun Mẹditaréníà di eléwu fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kó bàálù ogun sínú àpótí igi wá sí Takoradi ní Gold Coast tó di Gánà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n, tí wọ́n á sì fò wọ́n gba Èkó, Kánò àti Maidúgùrí lọ sí Sùdáànù títí dé Íjíbítì, ọ̀nà tó sún mọ́ kìlómítà 6,000. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra ní 20 Oṣù Kẹsàn-án 1940: Blenheim kan ló ṣáájú, Hurricane mẹ́fà ló tẹ̀ lé e. Ìgbà ogun yẹn náà ni wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfurufú Ìkejà.

Hurricane àti Spitfire jà pa pọ̀ lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún yẹn, Hurricane ló sì já bàálù Jámánì lulẹ̀ jù. Síbẹ̀, bí ẹ bá ń wá bàálù onírìmóòtù, ẹ ó rí Spitfire púpọ̀ kí ẹ tó rí Hurricane kan. Bẹ́ẹ̀, lójú ẹni tó mọ iṣẹ́, Hurricane ló rọrùn jù. Apá rẹ̀ nípọn, ó sì gbé ẹrù dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra, inú ló ń ká sí, nítorí náà ó dúró dáadáa lórí koríko. Ẹsẹ̀ Spitfire sún mọ́ra lábẹ́ ara, ìta ló ń ká sí. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti ń fẹ́ dojú bolẹ̀. Apá rẹ̀ tó rí bí ewé, tó lẹ́wà débi pé ọmọdé mọ̀ ọ́n, tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ní ṣóńṣó. Bí a bá sọ ọ́ di kékeré, ṣóńṣó yẹn lè ṣàdédé pàdánù agbára afẹ́fẹ́ nígbà tí bàálù bá ń rọra balẹ̀, kí apá kan sì já wálẹ̀. Òkìkí Spitfire ló mú kí àwọn oníṣẹ́ gba ìyọnu rẹ̀. Èmi ò dá wọn lẹ́bi, àmọ́ Hurricane ni ọkàn mi fẹ́.

Níbi tí ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ti hàn. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í kàn dín bàálù kù bí ẹni dín fọ́tò kù. Á lọ́ ṣóńṣó apá sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ó má bàa pàdánù agbára ṣáájú ìdí apá. Á mú kí etí apá nípọn ju ti gidi lọ. Á mú ìrù gbòòrò díẹ̀, kí bàálù lè dúró ṣinṣin. Á sún ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀ kí imú má bàa kan ilẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ní láti pamọ́. Ẹni tó rà á á gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, á sì ní bó ṣe rí gan-an nìyí. Àwọn tó bá mọ iye irọ́ tó wà nínú òótọ́ yẹn nìkan ló mọ bí ó ti le tó. Yíyàn sì so mọ́ ọn: bàálù tó dára láti ṣe ni èyí tí a lè tún ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ojú mọ̀.

Imú pàápàá ń yan bàálù. Ara bàálù ní ibi kan tí ìwúwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fò. Bàálù tí imú rẹ̀ gùn, bíi Mustang, ní àyè tí bátìrì lè jókòó sí níwájú. Èyí tí imú rẹ̀ kúrú, wọ́n á ní láti di òjé mọ́ imú rẹ̀ kí ìwúwo tó gún, òjé tí kò ṣe iṣẹ́ kankan ju kó wúwo lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀. Ti Corsair àti ti P-40 kì í kàn ká wọlé; wọ́n á kọ́kọ́ yí ara wọn po kí táyà tó lè sùn pẹlẹbẹ nínú apá. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe ìyẹn kì í pẹ́ bàjẹ́. Corsair ṣì borí nítorí apá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i lókè mọ̀ ọ́n. P-40 borí nítorí ẹnu ẹja ekurá tí wọ́n ya sí imú rẹ̀. Ikọ̀ 112 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya irú ẹnu bẹ́ẹ̀ sí P-40 tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Tomahawk, ní Àríwá Áfíríkà ní 1941, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jà ní Ṣáínà sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Eyín funfun mélòó kan ni ọlọ́dà yà, ó sì ti ń ta bàálù láti ọdún yẹn wá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí jinlẹ̀ ju ẹwà lọ. Ẹni tó ń darí bàálù kékeré kò sí nínú rẹ̀. Ó dúró nílẹ̀, bàálù ti di bíńtín lójú rẹ̀, ojú ọ̀run sì lè ṣú bíi ti Èkó ní Oṣù Keje. Bí kò bá mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ló ń rí tàbí ikùn, ó ti pàdánù bàálù náà. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi fẹ́ràn ìlà dúdú àti funfun tí àwọn Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì yà sí apá bàálù wọn ní Oṣù Kẹfà 1944, nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ Faransé. Wọ́n yà á nígbà náà kí àwọn ará wọn tó ń yìnbọn láti ìsàlẹ̀ má bàa já wọn lulẹ̀. Lónìí, ó ń ran ojú ẹni tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ lọ́nà kan náà. Ó tún dára fún àpò: mọ́ọ̀dù kan, ọ̀dà mẹ́ta, bàálù mẹ́ta lórí tábìlì ọjà. Fún Jámánì, ó gba ìṣọ́ra, nítorí òfin wọn kọ àmì Násì, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í yà á sórí ìrù.

Ìrántí tún wà, òun ló sì lágbára jù. Ilyushin Il-2 ti Soviet ni bàálù ogun tí wọ́n ṣe jù láyé, ó ju 36,000 lọ. Spitfire kò ju nǹkan bí 20,000 lọ. Síbẹ̀, Il-2 ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Àwọn tó ń ra bàálù kékeré jù wà ní Amẹ́ríkà, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, bàálù tí bàbá wọn fò tàbí tí wọ́n rí nínú sinimá ni wọ́n fẹ́. Oníṣẹ́ tó gbọ́n ń tẹ́tí sí ohun tí ènìyàn ń rántí.

Bí a bá wá gbé ojú yìí padà sí ojú ọ̀run tiwa ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé ní 1967, MiG-17 wá láti ọ̀dọ̀ Soviet, L-29 Delfin sì wá láti Czechoslovakia. Jẹ́ẹ̀tì ni àwọn méjèèjì. Fún bàálù jẹ́ẹ̀tì onírìmóòtù, fáànù inú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yàn: mílímítà 64, 70, 80 tàbí 90. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bàálù tí ikùn rẹ̀ lè gba fáànù yẹn, tí ẹnu rẹ̀ sì lè fa afẹ́fẹ́ tó tó o. Lójú bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn ni MiG-17. Ihò ńlá kan ló wà ní imú rẹ̀, ara rẹ̀ rí róbótó, afẹ́fẹ́ á wọ iwájú á gba ẹ̀yìn jáde. Apá rẹ̀ tó rọ sẹ́yìn púpọ̀ nìkan ló fẹ́ ìṣọ́ra nígbà ìbalẹ̀. L-29 ní apá títọ́ tó rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdí apá ni ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà, ìrù rẹ̀ sì gun orí ara wọn: apá ìrù wà lókè téńté, okùn tó ń darí rẹ̀ ní láti gun òkè nínú fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́. Alpha Jet, tí Nàìjíríà ra 24 rẹ̀ láàárín 1981 sí 1986, lẹ́wà, ó sì dúró dáadáa lójú afẹ́fẹ́. Àmọ́ Patrouille de France, ikọ̀ eré òfurufú àwọn ológun Faransé, ti ń fò ó láti 1981 pẹ̀lú àwọ̀ búlúù, funfun àti pupa, àwọ̀ wọn yẹn sì ni oníbàárà ayé mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọ̀kan wà tí mo ń sọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. MFI-9 ti Sweden, bàálù kékeré tí Carl Gustaf von Rosen, awakọ̀ òfurufú ará Sweden, kó wá fún Biafra nígbà ogun abẹ́lé náà. Márùn-ún nínú wọn kọlu Port Harcourt ní 22 Oṣù Karùn-ún 1969, bàálù kọ̀ọ̀kan gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì 12 sábẹ́ apá. Ti iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni a bá ń sọ, kò sí èyí tó dára tó o: apá lókè, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ara kúkúrú tó fúyẹ́, ìwọ̀n apá tí kò tó mítà mẹ́jọ. Bàálù tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè fò ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ogun náà pa ìbátan wọn ṣì wà láàyè, níhà méjèèjì. Bí oníṣẹ́ kan bá fẹ́ ṣe é, kí ó kọ ìtàn rẹ̀ tán pérépéré sára páálí kó tó tà á.

Èyí tí mo yàn ni Super Tucano. Méjìlá ni ilé-iṣẹ́ ológun òfurufú wa ní, mẹ́fà àkọ́kọ́ sì balẹ̀ sí Kánò ní Oṣù Keje 2021. Abẹ̀bẹ̀ ló wà ní imú rẹ̀, imú náà gùn, bátìrì á rí ibi jókòó láìlo òjé. Apá rẹ̀ tọ́, ìrù rẹ̀ tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta tí ó sì ń ká wọlé ní ìrọ̀rùn. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ oníbilédì márùn-ún nìkan ni ìṣòro, nítorí ó ń jẹ iná bátìrì. Oníṣẹ́ á lo mẹ́ta láti fò, á sì fi márùn-ún sínú páálí fún ẹni tó fẹ́ gbé e sórí tábìlì. Ohun tó mú inú mi dùn jù ni pé Brazil, Colombia, Chile, Indonesia, Angola, Mauritania, Burkina Faso àti Mali náà ń fò ó. Mọ́ọ̀dù kan ni, ọ̀dà orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Bí a bá ń ṣírò owó irin, ìṣirò tó dára nìyẹn.

Èyí kò ju agbára agbègbè wa lọ. Ẹni tó mọ irin gé fún mọ́ọ̀dù wà láàárín Ìkejà sí Agége, àwọn tó ń fi ooru omi wú fóòmù fún páálí tẹlifíṣọ̀n ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, ọ̀dọ́ tó ń jó bátìrì àti ẹ̀rọ pọ̀ sì kún Computer Village. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi tí kò nílò mọ́ọ̀dù, kí wọ́n mọ bó ṣe ń fò kí owó irin tó jáde. Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, kí wọ́n sì lọ dán an wò níbi tó jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú, torí bàálù gidi ló ni òkè Agége. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ wọ̀n ọ́n: mítà 11.14 ni apá Super Tucano gidi, ní ìdá kan nínú mẹ́jọ yóò jẹ́ mítà 1.39.